Ọdún Wo Ni Wọ́n Ṣe É? Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀yà Tòótọ́ àti Àyípadà Ọdọọdún Lára Alùpùpù Àtijọ́ ti Amẹ́ríkà

Àwọn ilé-iṣẹ́ alùpùpù Amẹ́ríkà àtijọ́ kì í jẹ́ kí ọdún yí po láìyí nǹkan kan padà lára ọjà wọn. Harley-Davidson, tó bẹ̀rẹ̀ ní Milwaukee ní ìpínlẹ̀ Wisconsin lọ́dún 1903, àti Indian, tó bẹ̀rẹ̀ ní Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lọ́dún 1901, ni wọ́n lókìkí jù lọ nínú wọn. Lọ́dún kan, iná ẹ̀yìn ni wọ́n yí padà. Lọ́dún kejì, àmì ara táńkì epo. Lọ́dún kẹta, fọ́ọ̀kì iwájú tàbí férémù gan-an. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tó mọ̀ wọ́n lè dúró níwájú alùpùpù kan, kí ó wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ó sì dárúkọ ọdún rẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di iṣẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ọdún kan máa ń wọ ara ti ọdún mìíràn láìjanpata. Fọ́ọ̀kì tí Harley gbé jáde lọ́dún 1949 wọ ọrùn férémù ọdún 1940 dáadáa, orí ẹ́ńjìnnì ọdún 1966 sì ń jókòó lórí ìdí ẹ́ńjìnnì tó ṣáájú rẹ̀. Gbogbo irin ara alùpùpù kan lè ti Milwaukee wá, síbẹ̀ kí ó má sí ọdún kan pàtó tí ó lè pè ní tirẹ̀.

Ìtàn àwọn ẹ̀rọ yìí ló fa àdàlù náà. Ẹ̀rọ iṣẹ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ tuntun. Ọlọ́pàá ń gùn wọ́n, oníṣẹ́ ń gùn wọ́n, àwọn tó ń gbé ẹrù kiri ń so àpótí mọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ̀yà kan bá bàjẹ́, ohun tó bá wà lórí pẹpẹ mẹkáníìkì ló ń wọ ibẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè ọdún rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ọ̀rọ̀ wá burú sí i. Àwọn ọ̀dọ́ tó tojú ogun dé ń ra alùpùpù olówó pọ́ọ́kú, wọ́n ń tú mọ́gáàdì iwájú dànù, wọ́n ń gé ti ẹ̀yìn kúrú, wọ́n ń pààrọ̀ táńkì ńlá sí kékeré, kí ẹ̀rọ náà lè fúyẹ́ kí ó sì sáré. Àwọn ẹ̀yà tí wọ́n jù sí ẹ̀yìn ilé nígbà náà ni àwọn èèyàn ń fi owó gọbọi wá kiri lónìí.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀, nítorí pé àwọn tó ń tajà máa ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè wọ́n. Èkíní ni ẹ̀yà tó bá alùpùpù náà jáde ní ilé-iṣẹ́, tí kò kúrò lára rẹ̀ rí. Èkejì ni ẹ̀yà tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe fún ọdún náà, ṣùgbọ́n tí ó ti ara alùpùpù mìíràn wá. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yà tí ẹlòmíràn ṣe lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ní àwòkọ ti àtijọ́. Alùpùpù tí a fi irú kejì tún kọ́ pátápátá lè bá ọdún mu láìkù síbì kan, kí ó gba ẹ̀bùn níbi ìdíje, síbẹ̀ kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ èyí tí ara rẹ̀ ò tíì tú rí. Ẹni tó bá ń rà gbọ́dọ̀ mọ èwo ni wọ́n ń tà fún òun.

Ọdún tí a ń sọ náà fúnra rẹ̀ ní àlàyé. Ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ọdún orí kàlẹ́ńdà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn Amẹ́ríkà bá ń parí lọ ni ilé-iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún tó ń bọ̀, nítorí náà alùpùpù tí ó jáde ní October 1947 lè jẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì 1948 láìsí èrú kankan níbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àyípadà kì í dúró de ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Mọ́dẹ́ẹ̀lì EL ti 1936, tó jẹ́ àkọ́bí irú ẹ́ńjìnnì tí gbogbo ayé mọ̀ sí Knucklehead, ni àpẹẹrẹ tó dára jù lọ. Bí wọ́n ṣe ń tà á ni wọ́n ń rí àbùkù rẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń rí i ni wọ́n ń tún un ṣe lórí ìlà iṣẹ́, tó fi jẹ́ pé EL tó jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún náà yàtọ̀ ní ọ̀nà púpọ̀ sí èyí tó jáde níparí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kì í sì í da ẹ̀yà tó ṣẹ́kù sílé nù. Wọ́n á lò ó tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ tuntun. Nítorí èyí, ẹni tó bá sọ pé irú bóòtì kan kò lè sí lára mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún kan láéláé ń sọ ju ohun tó mọ̀ lọ nígbà mìíràn.

Nígbà mìíràn pàápàá, ilé-iṣẹ́ gan-an ló máa ń da ọdún pọ̀. Lọ́dún 1930, Harley gbé mọ́dẹ́ẹ̀lì VL jáde, àwọn tó kọ́kọ́ dé ọwọ́ oníbàárà sì ní àléébù nínú ẹ́ńjìnnì. Ilé-iṣẹ́ fi ẹ̀yà tuntun ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bá wọn tajà, àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀ sì tú àwọn alùpùpù náà palẹ̀, wọ́n tún wọn tò. VL irú èyí ti ní ẹ̀yà tí kì í ṣe ti ọjọ́ ìbí rẹ̀ kí ó tó pé ọdún kan, ọwọ́ ẹni tó ṣe é ló sì ti rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí àyẹ̀wò gbogbo ti ń bẹ̀rẹ̀ ni nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Lára Harley, títí di ọdún 1969, ẹ́ńjìnnì nìkan ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà lára rẹ̀. Férémù kò ní. Ọdún 1970 ni nọ́ńbà kan náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wà lára méjèèjì. Láti àárín àwọn ọdún 1930 sókè, bí a ṣe ń ka nọ́ńbà àwọn alùpùpù ńlá rọrùn: ọdún ló ṣáájú, mọ́dẹ́ẹ̀lì tẹ̀ lé e, ìtòlẹ́sẹẹsẹ ló kẹ́yìn. Bí a bá rí 47FL tí nọ́ńbà ìtòlẹ́sẹẹsẹ tẹ̀ lé, mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún 1947 ni, F túmọ̀ sí ẹ́ńjìnnì 74, L sì ń sọ pé ó jẹ́ èyí tó ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ gidigidi kí ó tó jó. Iye 74 yìí jẹ́ ìwọ̀n inú ẹ́ńjìnnì ní kúbíìkì ínǹṣì, tó tó nǹkan bí 1,200 cc. Ẹ́ńjìnnì 61 jẹ́ nǹkan bí 1,000 cc, òun ni lẹ́tà E. 45 jẹ́ nǹkan bí 750 cc, òun ni W. Lẹ́tà U sì ni 74 tí fáàfù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìlíńdà dípò orí.

Orí kéèsì òsì, láàárín sìlíńdà méjèèjì, ni nọ́ńbà yìí wà, lórí pèpéle kékeré kan tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ kéèsì. Ó tọ́ kí a dúró pẹ́ níbẹ̀, kí a nu ọ̀rá kúrò, kí a tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́. Pèpéle tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn ní ojú tirẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nọ́ńbà. Bí ẹnì kan bá ti fi fáìlì há nọ́ńbà àtijọ́ kúrò, pèpéle náà á lọ sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, tàbí kí ipa ìhá hàn gbọọrọ gbọọrọ, tàbí kí igun rẹ̀ tó yẹ kó mú ti di róbótó. A tún ń wo bí nọ́ńbà fúnra wọn ṣe rí. Irin ìtẹ̀wé tí ilé-iṣẹ́ lò ní ìrísí tirẹ̀, 3 rẹ̀, 7 rẹ̀ àti 4 rẹ̀ kò sì dà bí ti irin ìtẹ̀wé tí èèyàn lè rà ní ìsọ̀ lónìí. Ẹni tó ti wo àwọn tó dájú á tètè rí i pé èyí kò jọ wọ́n.

Bí pèpéle bá tiẹ̀ dára, a ó wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Kéèsì méjì, ti òsì àti ti ọ̀tún, ni ilé-iṣẹ́ so pọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ihò inú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n má bàa pín wọn níyà, wọ́n tẹ nọ́ńbà kan náà sí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọdún sì máa ń wà nínú nọ́ńbà náà. Bí ti òsì kò bá bá ti ọ̀tún mu, kéèsì kan ti kú ní àárín ọ̀nà, wọ́n sì ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí méjèèjì bá bára mu ṣùgbọ́n tí ọdún wọn kò bá ti orí pèpéle mu, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ẹni tó ń purọ́ nọ́ńbà òkè máa ń gbàgbé ti ìsàlẹ̀, nítorí pé férémù àti ìdọ̀tí bò ó mọ́lẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì ti ń da kéèsì tuntun ní ìrísí ti àtijọ́, nọ́ńbà abẹ́ yìí ti di ẹlẹ́rìí pàtàkì.

Nọ́ńbà tó jẹ́ òótọ́ náà lè ṣi èèyàn lọ́nà. Lásìkò ogun, Harley ṣe alùpùpù WLA fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Láti 1942 títí ogun fi parí ní 1945, 42WLA ni wọ́n ń tẹ̀ sára gbogbo wọn. Ẹni tí kò bá mọ èyí á gbà pé ti ọdún 1942 ni WLA òun, nígbà tó jẹ́ pé ní 1944 ni wọ́n ṣe é. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ nọ́ńbà, nọ́ńbà abẹ́, àti àwọn àyípadà kéékèèké lára ẹ̀rọ náà ni a fi ń mọ ọdún rẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ WLA ni Amẹ́ríkà kó fún Soviet Union nígbà ogun, níbi tí wọ́n ti gùn wọ́n gidi, tí wọ́n sì tún wọn tò láti ara àwọn tó bàjẹ́. Èyí tó bá ti ibẹ̀ padà wá sí ọjà kì í sábà ní ẹ̀yà ọdún kan ṣoṣo.

Indian ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ́ńjìnnì ní nọ́ńbà, férémù náà ní nọ́ńbà, wọn kì í sì í dọ́gba, ìyẹn kì í ṣe àmì èrú. Lára mọ́dẹ́ẹ̀lì Chief tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun, nọ́ńbà férémù fúnra rẹ̀ ń sọ ọdún: 346 ló bẹ̀rẹ̀ ti 1946, 347 ti 1947, 348 ti 1948.

Yàtọ̀ sí nọ́ńbà ìdánimọ̀, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé ẹ̀yà tí ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ jáde. Ti Harley wúlò gan-an, nítorí pé ó ní àlà kan níparí tí nọ́ńbà méjì ń tẹ̀ lé. Bí ẹ̀yà kan bá parí sí -36, ọdún 1936 ni ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ lò ó. Kò sọ pé ti 1936 ni alùpùpù tó wà lára rẹ̀. Ẹ̀yà tó ní -36 lè wà lára gbogbo mọ́dẹ́ẹ̀lì títí dé 1950 bí kò bá sí ohun tó mú kí wọ́n yí i padà. Ohun tó dájú ni pé kò lè jẹ́ ẹ̀yà tòótọ́ lára mọ́dẹ́ẹ̀lì 1935. Lẹ́tà A tàbí B tó bá tẹ̀ lé ọdún ń fi hàn pé wọ́n tún un ṣe. Nọ́ńbà tó yọ sókè lára irin dídà, tí a ń rí lára kéèsì, orí ẹ́ńjìnnì, tàbí ọrùn férémù, tún jẹ́ ohun ọ̀tọ̀. Ti àwọn tó ń da irin nìyẹn, kì í sì í sábà bá nọ́ńbà inú ìwé mu. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn láàárín àwọn olùfẹ́ alùpùpù ló ń wá láti inú pípa àwọn méjèèjì pọ̀.

Nígbà tí nọ́ńbà bá ti sọ tirẹ̀, ara ẹ̀rọ ló kù. Lára Harley ńlá, orí ẹ́ńjìnnì ni ojú kọ́kọ́ ń lọ sí. Knucklehead wà láti 1936 sí 1947, ìderí orí rẹ̀ sì ní kókó méjì méjì bí oríkèé ìka nígbà tí èèyàn bá di ìkúùkù. Ti 1936 àti 1937 kò bo sípíríńgì fáàfù tán; ní 1938 ni wọ́n bò ó pátápátá kí epo má bàa máa ta jáde. Ẹ́ńjìnnì 61 nìkan ni ó wà títí di 1940, 74 sì dé ní 1941. Panhead gba ipò rẹ̀ láti 1948 sí 1965, ó ní orí alumí àti ìderí pẹrẹsẹ tó ń dán. Shovelhead dé ní 1966. Ti 1966 sí 1969 ṣì ní dáínámò níwájú ẹ́ńjìnnì, ìdí rẹ̀ sì fara jọ ti Panhead gidigidi. Ní 1970 ni dáínámò kúrò, tí ìderí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sì di olórí ṣóńṣó.

Panhead yẹ fún àkíyèsí tó pọ̀, nítorí òun ni àwọn èèyàn ń dà pọ̀ jù. Ti 1948 nìkan ni Panhead tó ní fọ́ọ̀kì onísípíríńgì, irú èyí tí Knucklehead lò. Ní 1949, fọ́ọ̀kì onípáìpù tó ní epo nínú dé, wọ́n sì sọ alùpùpù náà ní Hydra-Glide. Nítorí náà, Panhead onísípíríńgì jẹ́ ọdún kan ṣoṣo, owó rẹ̀ sì ga, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ ni pé èèyàn á wá fọ́ọ̀kì Knucklehead kan, á fi sára Panhead 1950, á sì polówó rẹ̀ bíi ti 1948. Ẹsẹ̀ iwájú férémù kò lè tú àṣírí rẹ̀, nítorí pé láti 1948 sí 1954 ni ó fi tẹ̀ síta bí eegun àyà adìyẹ. 1955 ni wọ́n tó nà án tààrà. Inú ẹ́ńjìnnì lè fi ti 1953 sókè hàn, ṣùgbọ́n kò lè ya 1950 sọ́tọ̀ kúrò lára 1948. Láti 1948 sí 1952, orí ẹ́ńjìnnì ni ohun èlò tó ń lo agbára epo láti gbé fáàfù wà. Ní 1953 wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ sí ìdí ọ̀pá tó ń ti fáàfù. Lẹ́yìn èyí, nọ́ńbà òkè àti nọ́ńbà abẹ́ ni yóò parí ẹjọ́ náà.

Àwọn àyípadà Panhead tó kù tètè yé èèyàn. Jíà ẹlẹ́sẹ̀ dé ní 1952, àmọ́ ti ọwọ́ ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, nítorí náà jíà ọwọ́ lára mọ́dẹ́ẹ̀lì 1956 kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ́ńjìnnì 61 dópin ní 1952. Ní 1958, férémù gba sípíríńgì ẹ̀yìn, orúkọ sì yí padà sí Duo-Glide. Ní 1963, páìpù epo tó ń lọ sí orí ẹ́ńjìnnì jáde síta, tí ojú lè rí i. Ṣáájú ìgbà náà, inú ni epo ń gbà. Ọdún 1965 dá dúró gedegbe: òun nìkan ni Panhead tó ní bọ́tìnnì ìṣáná àti iná 12 fóltì, Electra Glide ni orúkọ rẹ̀, bátìrì ńlá rẹ̀ sì lé táńkì ọ́ìlì tó dà bí bàtà ẹṣin kúrò ní ipò rẹ̀ àtijọ́. Ẹni tó bá so bọ́tìnnì ìṣáná mọ́ Panhead 1961 ti ṣe ohun tó wúlò fún ẹni tó ń gùn ún, ṣùgbọ́n kì í ṣe alùpùpù 1961 mọ́ lójú adájọ́ ìdíje.

Àwọn ohun kéékèèké ni wọ́n tètè ń sọ ọdún, àwọn náà ni wọ́n sì rọrùn jù láti pààrọ̀. Pátákó orí táńkì, níbi tí mítà ìsáré àti kọ́kọ́rọ́ iná wà, ní ìrísí kan láti 1936 sí 1938. Láti 1939 sí 1946, iná inú rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ológbò. Láti 1947, iná róbótó méjì ló wà níbẹ̀. Iná ẹ̀yìn 1939 sí 1946 rí roboto bí ilé oyin. Ti 1947 sí 1954 ga, orí rẹ̀ sì tẹ̀ kọrọdọ bí òkúta ibojì. Àmì ara táńkì jẹ́ ìlẹ̀mọ́ títí di 1939. Ní 1940, irin tó dà bí ẹ̀kán omi rọ́pò rẹ̀. Ní 1947, irin mìíràn tó ní bọ́ọ̀lù pupa dé. Ní 1951, orúkọ ilé-iṣẹ́ tí a kọ bí ìkọ̀wé ọwọ́. Ní 1955, àmì V. Lórí mọ́gáàdì iwájú ti 1954, àmì idẹ àádọ́ta ọdún wà. Ọ̀pọ̀ ń rò pé 1953 ló yẹ kó wà, níwọ̀n bí ilé-iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1903, wọ́n sì ń fi ẹ̀sùn kan ẹni tí kò jẹ̀bi. Mọ́dẹ́ẹ̀lì 1954 ni ilé-iṣẹ́ fi ṣe àjọ̀dún náà.

Ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé, ẹ̀yà kan kì í sì í fi ọdún múlẹ̀. Pátákó ojú ológbò, iná ilé oyin, àmì ẹ̀kán omi, àti nọ́ńbà 41FL tó mọ́ lókè tó mọ́ nísàlẹ̀: bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá péjọ, ọ̀rọ̀ ti ń tò. Bí mẹ́ta bá sọ 1941 tí ìkan sọ 1948, ó ku ká mọ ìgbà tí ìkan náà dé.

Ohun kan tún wà tó ń da Knucklehead láàmú. Láti 1937 ni mọ́dẹ́ẹ̀lì U, tí fáàfù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ti ń lo irú férémù, fọ́ọ̀kì àti táńkì tí EL ń lò. Nígbà náà U kò níye lórí tó EL, kò sì níye tó o lónìí. Nítorí náà ọ̀pọ̀ U ni wọ́n ti tú palẹ̀ láti fi ara rẹ̀ bọ́ ẹ́ńjìnnì Knucklehead tó pàdánù férémù. Irin ọdún kan náà ni, kò sì sẹ́ni tó lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀. Àdánù gidi ni èyí jẹ́ fún U, tó ti ń di ọ̀wọ́n báyìí.

Indian Chief rọrùn ju Harley lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Charles B. Franklin ló ya àwòrán rẹ̀, ó sì jáde fún ọdún 1922, lẹ́yìn Scout tó jẹ́ ti 1920. Mọ́gáàdì ńlá tó bo ìdajì táyà, tí gbogbo èèyàn fi mọ Indian, kò dé títí di 1940. Láti ìgbà náà, fọ́ọ̀kì ni kọ́kọ́rọ́. Bí mọ́gáàdì ńlá bá wà pẹ̀lú fọ́ọ̀kì onísípíríńgì pẹlẹbẹ tó tò léra, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940 ni, kí iṣẹ́ ogun tó gba ilé-iṣẹ́. Bí ó bá wà pẹ̀lú fọ́ọ̀kì onírin gíga tó ní sípíríńgì róbótó, 1946 sí 1948 ni, iná orí Indian lórí mọ́gáàdì iwájú sì bẹ̀rẹ̀ ní 1947. Bí ó bá wà pẹ̀lú fọ́ọ̀kì onípáìpù, 1950 sí 1953 ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti kúrò ní 74 ó ti di 80. Ọdún 1953 ni Chief parí. Indian onísìlíńdà mẹ́rin ní ọdún tirẹ̀ tó yàtọ̀: ní 1936 àti 1937, wọ́n yí ibi tí epo ń gbà wọlé àti ibi tí èéfín ń gbà jáde sódì, àwọn oníbàárà kò fẹ́ ẹ, wọ́n sì dá a padà ní 1938.

Lára àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmì díẹ̀ ń tó. Harley mọ́dẹ́ẹ̀lì J ní táńkì tó rí bí ẹ̀kán omi láti 1925, bíréèkì iwájú láti 1928, iná iwájú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní 1929. Harley onísìlíńdà méjì tó jẹ́ ti 1926 tó sì ní bíréèkì iwájú ti gba àtúnṣe níbì kan. Henderson onísìlíńdà mẹ́rin, tí ilé-iṣẹ́ Schwinn ń ṣe ní Chicago, dópin ní 1931, ẹ̀yà rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ní in fi ń rọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ fúnra wọn.

Kàbúrétọ̀ kò yẹ kí a fò. Linkert ló ṣe ti ọ̀pọ̀ Harley fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì ń tẹ nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì sára rẹ̀. M88 ni ti WLA. M74B ni ti ẹ́ńjìnnì 74 láwọn ọdún 1950. Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n ihò inú wọn kò tóbi bákan náà. Ẹ̀rọ tí kò bá fà dáadáa lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe sábà máa ń ní kàbúrétọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀dà àti ìkunra irin ni àwọn atúnṣe ti ń ṣe àṣejù. Bóòtì àti nọ́ọ̀tì Harley àtijọ́ kì í dán bí dígí. Kádímíọ̀mù ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ rẹ̀, tó mọ́ ràkọ̀ràkọ̀ bí fàdákà tí kò dán. Àwọn mìíràn jẹ́ dúdú eléérú tí a rẹ sínú kẹ́míkà kó má bàa dógùn-ún. Kúróòmù wà, ṣùgbọ́n ní ibi pàtó ni. Alùpùpù 1940 tí gbogbo bóòtì rẹ̀ jẹ́ kúróòmù rẹwà, ó sì pàdánù máàkì. Lásìkò ogun àti kété lẹ́yìn rẹ̀, irin ṣọ̀wọ́n, ọ̀dà sì rọ́pò kúróòmù lára àwọn ẹ̀yà kan, tó fi jẹ́ pé 1946 tó ń dán jù ń purọ́. Ti àwọ̀ ara, Harley lo ewé ólífì láti 1917 fún bí ọdún márùndínlógún. Ní 1933 ni àwọ̀ oríṣiríṣi àti àwòrán ara táńkì gbilẹ̀. Indian ní àwọ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tí E. Paul du Pont gba àkóso rẹ̀ ní 1930, nítorí pé ìdílé tó ń ṣe ọ̀dà ló ti wá. Àwọ̀ tí kò sí nínú ìwé ọdún kan kì í ṣe irọ́ dandan, nítorí pé ọlọ́pàá àti oníbàárà lè béèrè àwọ̀ tó wù wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé rẹ̀ wá.

Ẹ̀yà àwòkọ ti di apá kan ọjà yìí, kò sì yẹ ká bú u. Láìsí i, ọ̀pọ̀ alùpùpù kì bá tí lè rìn. Ẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti fi ìdọ̀tí pa á kó dà bí ti àtijọ́. Bí a bá mú mọ́gáàdì àwòkọ àti ojúlówó lọ́wọ́, irin ojúlówó sábà máa ń wúwo jù, etí rẹ̀ ká bákan náà yíká, ihò rẹ̀ sì wà níbi tí ìwé sọ. Lára ohun dídà, àwòkọ sábà máa ń ní lẹ́tà tí kò mú, nítorí pé inú ẹ̀yà àtijọ́ ni wọ́n ti yọ àwòrán rẹ̀.

Níbo ni ìmọ̀ yìí ti ń wá? Ìwé ẹ̀yà àti ìwé ìpolówó ilé-iṣẹ́ ló ṣáájú, pẹ̀lú àkíyèsí pé àwòrán ìpolówó máa ń jẹ́ ti ẹ̀rọ ìdánwò tàbí ti ọdún tó kọjá tí a kùn. Àwòrán ìdílé àti ti ọlọ́pàá ìgbà náà dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀rọ tí èèyàn ń gùn ni wọ́n fi hàn. Bruce Palmer kọ ìwé ńlá lórí àtúnṣe Harley, tó tọ ipa ẹ̀yà dé orí bóòtì. Antique Motorcycle Club of America, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, gba alùpùpù tó ti pé ọdún márùndínlógójì, ó sì ń ṣe ìdájọ́ láti orí 100 máàkì, tí wọ́n ń yọ kúrò fún ohunkóhun tí kò bá ọdún mu. Níbi ìpàdé wọn ní Davenport ní Iowa, Oley ní Pennsylvania, tàbí Wauseon ní Ohio, èèyàn lè rí àwọn ẹ̀yà tí ìwé ń sọ, kí ó fọwọ́ kàn wọ́n, kí ó sì wọ̀n wọ́n.

Síbẹ̀, ẹlẹ́rìí tó ju gbogbo wọn lọ ni alùpùpù tí kò sẹ́ni tó tún un ṣe rí. Òun ló ń sọ bí wọ́n ṣe fa ìlà ọ̀dà, ibi tí wáyà gbà kọjá, irú bóòtì tó wà níbi tí kò sí nínú àwòrán kankan. Ìwé lè ṣìnà, atúnṣe lè ṣe àfarawé àṣìṣe atúnṣe mìíràn títí ó fi di òfin. Ẹ̀rọ tí kò tú rí kò mọ bí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì tú ọ̀kan nínú wọn láti kùn ún lọ́dà tuntun, ohun tó mọ̀ ti lọ nìyẹn, kò sì ní ẹ̀dà níbì kankan. Nítorí náà, ẹni tí irú rẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́, kí ó kọ́kọ́ ya àwòrán gbogbo ara rẹ̀ kí ó tó tú bóòtì kan, kí ó kọ nọ́ńbà ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ó sì kó gbogbo ohun tó bá yọ kúrò pa mọ́ sínú àpótí pẹ̀lú ẹ̀rọ náà. Bí ọ̀dà àtijọ́ rẹ̀ bá ṣì wà lára rẹ̀, kí ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.